Bí Kọ̀ǹpútà Yín Bá Kọ̀ Tí Kò Ṣí

Ọ̀rọ̀ kékeré ni mo mú wá lónìí, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fetí sí i kò ní sọ iṣẹ́ ọdún púpọ̀ nù ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ẹni tí ó bá ti Adó dé Arámọkọ lè yà sí Ìjerò, ó sì lè máa bá ọ̀nà lọ sí Ẹ̀fọ̀n. Ẹ jẹ́ kí á ní pátákó kan wà ní oríta, tí ó ń tọ́ka ọ̀nà fún àlejò. Bí ìjì bá wó pátákó yìí lóru, àlejò yóò dúró, kò ní mọ ibi tí yóò gbà. Ǹjẹ́ Ìjerò ti parẹ́ bí? Rárá o. Ìjerò wà níbi tí ó wà. Pátákó ni kò sí mọ́.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni kọ̀ǹpútà tí ó ní ètò méjì rí. Ètò tí mo ń wí ni èyí tí í jí ẹ̀rọ, tí í sì í darí gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Windows ni ọ̀pọ̀ wa mọ̀. Òmíràn ni Ubuntu, tí a kì í fi owó rà. Mark Shuttleworth, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, ni ó dá a sílẹ̀ ní 2004. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft fi òpin sí ìtọ́jú Windows 10 bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹlòmíràn tí ẹ̀rọ rẹ̀ ti gbó a fi Ubuntu sí ẹ̀gbẹ́ Windows. GRUB ni orúkọ pátákó tí Ubuntu ń rì sí oríta wọn. Bí ẹ bá tan ẹ̀rọ, òun ni yóò bi yín pé èwo ni ẹ fẹ́.

Ní ọjọ́ kan, ẹ ó tan ẹ̀rọ, kò ní bi yín ní nǹkan kan. Windows nìkan ni yóò ṣí, tàbí kí ojú ẹ̀rọ dúdú, kí ọ̀rọ̀ funfun díẹ̀ hàn níbẹ̀. Ẹ má bẹ̀rù, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yára fọ́máàtì rẹ̀ fún yín, nítorí pé fọ́máàtì ni kí a nu gbogbo inú rẹ̀ kúrò. Ẹ ro ti olùkọ́ tí èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà nínú ẹ̀rọ rẹ̀, tàbí akọ̀wé ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ tí ìṣirò owó ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tí ó fọ́máàtì nítorí GRUB dà bí ẹni tí ó dáná sun Ìjerò nítorí pé pátákó wó.

Kí ni kí ẹ ṣe? Èkíní, ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ẹ rí lójú ẹ̀rọ sínú ìwé. Bí fláàṣì bá wà lára ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́, nítorí ẹ̀rọ lè máa wá ọ̀nà lára rẹ̀.

Èkejì, ẹ pa á, ẹ tún un tàn, kí ẹ máa tẹ F12 léraléra. Lára ẹ̀rọ HP, F9 ni. Bí ẹ bá rí orúkọ ubuntu àti Windows Boot Manager, ìlú méjèèjì wà. Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́. Bí ó bá ṣí, a jẹ́ pé ẹ̀rọ kàn yí ipò wọn padà ni. Ẹ wọ inú ètò ẹ̀rọ, kí ẹ gbé ubuntu padà sí òkè. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó yí ohunkóhun níbẹ̀, bí BitLocker bá ti Windows yín, ẹ wá kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, tí í ṣe nọ́ńbà 48, kí ẹ kọ ọ́ pamọ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ wo aago. Bí ó bá ti padà sí ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, ó ṣeé ṣe kí bátìrì kékeré inú ẹ̀rọ, tí ó rí bí owó ẹyọ, ti kú, kí ẹ̀rọ sì ti gbàgbé ipò tí ẹ tò sínú rẹ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wákàtí kan péré ni aago Windows fi rẹ̀yìn, kì í ṣe àrùn. Aago àgbáyé ni Ubuntu ń tò sínú ẹ̀rọ, Windows a sì kà á bí aago ilé. Aago Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣíwájú rẹ̀.

Ẹ̀kẹrin, bí orúkọ ubuntu kò bá sí rárá, ẹ wá fláàṣì tí a ti gbé Ubuntu sí. Ẹ fi F12 tàbí F9 yan fláàṣì náà, kí ẹ sì yan Try Ubuntu. Yóò ṣiṣẹ́ láti ara fláàṣì láìfọwọ́ kan inú ẹ̀rọ. Ẹ kọ́kọ́ kó ìwé yín jáde. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá tún pátákó rì. Ètò kan tí ń jẹ́ Boot-Repair lè bá yín ṣe é.

Kì í sì í ṣe ẹ̀bi yín nígbà gbogbo. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, àtúnṣe kan tí Microsoft fi ránṣẹ́ sí Windows mú kí Ubuntu àti àwọn ẹbí rẹ̀ kọ̀ láti ṣí lórí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ káàkiri ayé. Ìwé wọn kò sọnù. Ọ̀nà ni ó dí.

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, bí ẹ bá rí bàbá tàbí ìyá yín tí wọ́n káwọ́ lérí níwájú kọ̀ǹpútà, ẹ rán wọn létí: pátákó ló wó, ìlú kò parẹ́. Ó dàárọ̀ o.