Àdírẹ́sì ni Òǹtẹ̀



Iṣẹ́ ìjọba ni mo ṣe títí mo fi gba retraite. Bí ìwé bá wọ ọ́fíìsì, a kì í wò ó pé ó dára lójú. Òǹtẹ̀ la kọ́kọ́ ń wò. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, àdírẹ́sì ni òǹtẹ̀. Àwọ̀, àsíá, àwòrán, gbogbo wọn ni olè lè dà kọ.

Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Mẹ́sáàjì á wọlé pé wọ́n ti fẹ́ ti owó orí fóònù yín pa, kí ẹ tètè tẹ ibí. Ojúewé tó máa ṣí á jọ ti ilé-iṣẹ́ náà bí ìbejì. Á ní kí ẹ kọ nọ́ńbà àti code ìkọ̀kọ̀ yín. Bí ẹ ṣe ń kọ ọ́, olè ń fi í wọ ojúewé gidi. Bí code mìíràn bá dé nípa SMS, wọ́n á tún béèrè ìyẹn. Ẹ fún wọn, owó lọ nìyẹn.

Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, service-public.bj ni ojúlé ìjọba fún ìwé àṣẹ. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n fi àmì ìdánudúró so ọ̀rọ̀ mìíràn mọ́ ẹ̀yìn bj, ẹ sá. Ìparí orúkọ ni ẹ ti ń mọ onílé, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àgádágodo kékeré tó wà lókè kò sọ pé olóòótọ́ ni onílé; olè náà ní tirẹ̀.

Òfin wà o. Code du numérique ti 2018 fi ìyà sí irú jìbìtì báyìí. Ṣùgbọ́n ìjọba tó kó iṣẹ́ rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ta ló ń ṣàlàyé fún ìyá àgbà ní èdè rẹ̀? Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn mairie wa yan ẹnì kan tí yóò máa ṣe é ní Yorùbá. Ẹ̀yin olóyè, ẹ jẹ́ kí akéde kígbe rẹ̀ lọ́jà: ẹnikẹ́ni tó bá béèrè code ìkọ̀kọ̀, olè ni.

Ẹni tí wọ́n bá lù ní jìbìtì, kó má tìtorí ìtìjú dákẹ́. Kó tètè pe ilé-iṣẹ́ tó ni àkántì kí wọ́n dí i, kó tó gba commissariat lọ. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.