Agbè Kò Fọ́, Ṣùgbọ́n Kì í Ṣe Omi Ló Dànù

Ìbà Olódùmarè. Ìbà irúnmọlẹ̀ ojùkòtún, ìbà irúnmọlẹ̀ ojùkòsì. Ìbà Ọ̀rúnmìlà, ẹlẹ́rìí ìpín. Ìbà Ọ̀ṣun, ìyá tí mo ń sìn, olùtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́. Ìbà Ẹgbẹ́ ọ̀run. 

Ìtọ́jú ọmọ nínú Ìṣẹ̀ṣe ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ti kọ ọ̀rọ̀ sílẹ̀ nípa oúnjẹ, àgbo àti ẹ̀kọ́ ilé, mo sì ti múra láti kà á. Ní àná ni mo pa ìwé náà dé. Àwọn ọmọ tí mo tọ́jú tí wọ́n yè, ẹ ń rí wọn láàárín yín. Ọ̀kan wà tí kò yè, tí n kò pe orúkọ rẹ̀ ní gbangba rí láti ọdún 29 sẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, bí ẹ bá gbà mí láàyè.

Dúrójayé ni orúkọ rẹ̀. Ìyá ọkọ mi ni ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ méje ni Ìyá bí, ó sì sin mẹ́ta nínú wọn. Nítorí náà, ó mọ gbogbo orúkọ tí a fi ń bẹ ọmọ kí ó má lọ. Ní ọjọ́ kẹjọ, kò dúró kí ẹnikẹ́ni bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ó pe orúkọ náà bí ẹni tí ń ti ilẹ̀kùn kí olè tó dé.

Nígbà tí ọmọ náà pé oṣù mẹ́jọ, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bí a bá fi ọwọ́ kàn án, yóò ké. Ìyá wò ó, kò sọ ohunkóhun. Ó wọ yàrá, ó ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ṣaworo kan jáde, ó sì so ó mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Ẹsẹ̀ àwọn mẹ́ta tirẹ̀ ni ṣaworo náà ti wà rí. Láti ọjọ́ náà ni a ti ń tú u nígbà tí ẹsẹ̀ bá wú, tí a tún ń so ó padà nígbà tí ó bá fà.

A bọ Ẹgbẹ́. Ẹ má ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ mi bí ti ẹni tí ó kábàámọ̀ èyí. A kó ìrèké, àádùn, oyin, àkàrà àti ẹ̀wà kalẹ̀, a pe àwọn ọmọ àdúgbò, wọ́n jẹ, wọ́n jó. Mo rántí pé ó pín gbogbo àádùn tirẹ̀ fún àwọn tó kù, ó wá jókòó ó ń lá ìka rẹ̀.

Nígbà òjò ni egungun máa ń ro ó jù. Bí ìrora bá dé lóru, màá pọ̀n ọ́n, màá máa rìn láti ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan dé èkejì títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó ti gbọ́ lẹ́nu àwọn àgbà pé òun jẹ́ ẹni tí ó fẹ́ máa lọ. Ní òru ọjọ́ kan, ó gbé ẹnu sí etí mi láti ẹ̀yìn, ó ní: “Ìyá mi, èmi ò fẹ́ lọ o. Ẹsẹ̀ ló ń dùn mí.”

Ọmọ náà jẹ́rìí ara rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ilé tí ó gba ẹ̀rí náà, èmi pàápàá kò gbà á.

Ó pé ọdún mẹ́rin àti oṣù méje nígbà tí ó kú. Ibà ni a kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe é. Ní ọ̀sán, ó ṣì ń ṣeré díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó di alẹ́, ètè rẹ̀ ti funfun, inú rẹ̀ sì le ní abẹ́ ìhà òsì bí ìgbà tí a gbé òkúta síbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, dókítà bèèrè irú ẹ̀jẹ̀ tí èmi àti bàbá rẹ̀ ní. A kò mọ̀. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wa láti yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì ń wá èyí tí wọn yóò fà sí ọmọ lára. Kí àkùkọ tó kọ, ó ti lọ. Ọjọ́ kẹta ni ìwé tó tẹ̀ wá lọ́wọ́: AS ni èmi, AS ni bàbá rẹ̀, SS ni ọmọ. Fòníkú-fọ̀ladìde ni.

Ẹ mọ àṣà wa. Òbí kì í sin ọmọ, kì í sì í mọ ojú oórì rẹ̀. Àwọn ọkùnrin méjì gbé e lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn obìnrin wá kí mi, ọ̀rọ̀ kan náà ni gbogbo wọn sì sọ: omi ló dànù, agbè ò fọ́. Mo mọ̀ pé àánú ni wọ́n fi sọ ọ́. Èmi náà ti sọ ọ́ fún àwọn ẹlòmíràn rí láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yẹn, èmi ni agbè, mo sì mọ ohun tí ó dànù. Omi kì í ní eyín iwájú kan tí ó kán. Omi kì í ka ọmọ ayò láti ọ̀kan dé mẹ́fà, kí ó fo méje, kí ó sì bínú bí a bá tún un ṣe.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, mo bí ọmọbìnrin. Ìyá gbà á lọ́wọ́ agbẹ̀bí. Kò wo ojú ọmọ náà. Etí òsì ni ó kọ́kọ́ wò. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé wọ́n ti fi abẹ sàmì sí òkú ọmọ mi, kí a lè dá a mọ̀ bí ó bá padà wá. Ìyá kò rí àpá kankan. Ó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́. Èmi yí ojú sí ògiri. N óò sọ ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí: mo ti ń retí pé àpá náà yóò wà níbẹ̀.

Fún ọdún púpọ̀ ni mo fi bínú sí Ìyá. N kò bínú mọ́. Obìnrin tí ó rí ọwọ́ wíwú kan náà lára ọmọ àkọ́kọ́, lára èkejì, lára ẹ̀kẹta, kí ni kí ó rò ju pé ẹnì kan náà ni ó ń lọ tí ó ń bọ̀? Ó rí i dáadáa. Ohun kan náà ni ó ń padà wá lóòótọ́, nínú ẹ̀jẹ̀ tí a jogún. Ní 1910 ni dókítà James Herrick ní Chicago kọ ìròyìn nípa ẹ̀jẹ̀ tí ó tẹ̀ bí dòjé, èyí tí a kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn ilẹ̀ òkèèrè. Ṣùgbọ́n Kòsọ́kọ́ ti jọba ní Èkó láti 1845 sí 1851, orúkọ àbíkú sì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn orúkọ wọ̀nyí ni ìwé àkọsílẹ̀ tí àwọn ìyá wa fi ẹnu kọ. N kò sọ pé gbogbo àbíkú ni SS o. Ibà, ìgbóná àti ìgbẹ́ gbuuru pa ọmọ púpọ̀ pẹ̀lú, n kò sì wá síbí láti sọ fún yín pé kò sí Ẹgbẹ́. Èmi ṣì ń bọ wọ́n.

Ohun tí mo wá sọ ni pé ẹni tí ń ké nítorí ẹsẹ̀ kì í ṣe olè. Ẹni tí ó jẹ́ AS gba S lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ kan. Àlàáfíà ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Ibà líle kì í tètè pa á ní kékeré, ìdí nìyẹn tí ẹ̀jẹ̀ náà fi pọ̀ láàárín wa, tí a fi ń rí i lára nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà. Bí AS méjì bá fẹ́ ara wọn, ìpín kan nínú mẹ́rin ni ewu SS ní oyún kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan rò pé bí mẹ́ta bá ti yè, ìkẹrin ni ọ̀ràn kàn, tàbí pé bí ọ̀kan bá ti kú, ó ti tán. Rárá. Oyún kọ̀ọ̀kan ń di ìbò tirẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ṣírò rẹ̀ pé ọmọ bí 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú àìsàn yìí lọ́dọọdún ní orílẹ̀-èdè wa.

Ohun kan wà tí ó máa ń jí mi lóru. Ní Jàmáíkà, ó ti lé ní 40 ọdún báyìí tí àwọn dókítà ti kọ́ àwọn ìyá láti máa fi ìka kan abẹ́ ìhà òsì ọmọ wọn, kí wọ́n lè tètè mọ̀ bí ẹ̀yà ara tí ó wà níbẹ̀ bá ń wú, tí ó ń gbé ẹ̀jẹ̀ mì. Àwọn ọmọ tí èyí ń pa dínkù. Ìka lásán ni wọ́n lò. Mo máa ń fi òrí pa Dúrójayé lára ní alaalẹ́. Ìka mi kọjá níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀.

Lónìí, a lè yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ wò ní kété tí a bá bí i. Pẹnisílínì wà fún un láti kékeré, abẹ́rẹ́ àjẹsára wà, oògùn tí ń dènà ibà wà, hydroxyurea sì ń dín ìrora kù. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín kà á sí nǹkan òyìnbó. Ẹ̀yin àgbà mi, ìwé lè jẹ́ ti òyìnbó. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yẹ̀ wò ńkọ́, ti ta ni? Bí babaláwo bá ka ẹbọ tán, ṣé kì í tún wá ewé lọ sọ́dọ̀ Ọ̀sanyìn? Mo bẹ̀ yín, bí ọ̀dọ́ méjì bá wá da Ifá nítorí ìgbéyàwó, ẹ ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀jẹ̀ dání kí ẹ tó gbé ọpọ́n kalẹ̀. Mo tún bẹ̀ yín, abẹ tí a fi ń gé òkú ọmọ, ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ nù.

Ọmọ kékeré kì í padà wá nínú aṣọ Egúngún. A kì í pè é níbi tí a ti ń pe àwọn baba. Ibo wá ni a ó ti pè é? Èrò tèmi ni pé ọjọ́ Ẹgbẹ́ bí irú òní yìí ni.

Ṣaworo náà nìyí. Ọ̀sẹ̀ tí Ìyá yóò wọ káà ilẹ̀ ni ó fi lé mi lọ́wọ́. Ní ọjọ́ yẹn ni ó dárúkọ àwọn mẹ́ta tirẹ̀ fún mi. Ọkọ mi, ọmọ rẹ̀, kò gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu rẹ̀ rí. Mo ń gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àádùn yìí. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní orúkọ tí ó fẹ́ pè, kí ó bọ́ síwájú. Èmi ni yóò bẹ̀rẹ̀.

Bánjókòó. Málọmọ́. Ikúkọ̀yí.

Dúrójayé.