Ẹ Yí Ẹ̀yìn Aṣọ Wò

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa nídìí aṣọ bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé wa ní Abúlé Ẹ̀gbá)

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àdìrẹ, torí pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí tó bá fẹ́ ṣe ayẹyẹ, òun ni wọ́n ń béèrè. Mi ò ní pẹ́, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa fi ọmọ kékeré sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, obìnrin kan ra yáàdì mẹ́wàá lọ́wọ́ mi fún ìkómọ. Ó bi mí pé ṣé àdìrẹ Abẹ́òkúta ni, mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ohun tí ẹni tó kó o fún mi sọ nìyẹn, mi ò sì béèrè síwájú. Ọ̀sẹ̀ kan ò pé tó fi padà wá, òun àti ìyá ọkọ rẹ̀. Màmá yẹn ò pariwo. Wọ́n kàn tú aṣọ náà, wọ́n yí i padà, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Wọ́n ní, "Ìyá aláṣọ, ojú kan ṣoṣo ni aró tiyín ń mú?" Àwọn tó wà nítòsí bú sẹ́rìn-ín. Mo dá owó padà, àmọ́ ìtìjú yẹn dùn mí ju owó lọ.

Látìgbà náà ni mo ti ń wádìí ohun tí mò ń tà. Ṣé ẹ rí ọ̀nà tó kọjá níwájú wa yìí, ọ̀nà Abẹ́òkúta ni. Orúkọ àdúgbò wa gan-an, orúkọ àwọn Ẹ̀gbá ni. Èèyàn á wọ mọ́tò níbí, ó di Ìtòkú, lọ́jà àdìrẹ. Èmi tí mò ń ta àdìrẹ níbí tí mi ò mọ ìdí rẹ̀, àwáwí wo ni mo ní?

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àdìrẹ tí à ń pè ní ti àtijọ́ yìí, àwọn ọlọ́jà bíi tiwa ló sọ ọ́ di ńlá. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ìyá wa ti ń rẹ kíjìpá láró ẹ̀lú. Àmọ́ ìgbà tí aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ti Mánṣẹ́sítà pọ̀ lọ́jà, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1900, ni àdìrẹ gbilẹ̀ l'Abẹ́òkúta. Aṣọ òyìnbó, aró tiwa. Wọ́n fi ìko dì í, ìyẹn oníko. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an, ìyẹn alábẹ́rẹ́. Wọ́n fi ẹ̀kọ lááfún ya ọnà sí i kí aró má baà mú ibẹ̀, ìyẹn ẹlẹ́kọ. L'Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin gé ọnà sára páànù, wọ́n ń gbé e lé aṣọ kí wọ́n tó fi ẹ̀kọ pa á, kíṣẹ́ lè yá. Àwọn obìnrin Ìbàdàn ní tiwọn, ìyẹ́ adìyẹ ni wọ́n fi ń yà á. "Ìbàdàndùn" tí ẹ mọ̀ yẹn, òpó gbọ̀ngàn Mápó tí wọ́n ṣí ní 1929 wà nínú ẹ̀. "Olóba" ní tiẹ̀, ọdún 1935 tí ọba Gẹ̀ẹ́sì, George Karùn-ún, pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n lórí oyè ló bí i. Àbí ẹ ò rí i, àwọn náà mọ ohun tó ń tà!

Wọ́n ń tà á dé Gold Coast tó di Gánà lónìí, ó dé Sẹ̀nẹ̀gàl. Nígbà tó yá, kọ́sítíìkì sódà àti aró òyìnbó wọlé. Aró ẹ̀lú ń fẹ́ sùúrù: ẹ ó gún ewé, ẹ ó sẹ́ omi eérú, ẹ ó dúró dìgbà tó bá kan. Ti òyìnbó yá, ṣùgbọ́n ẹni tí ò bá mọ ìwọ̀n rẹ̀ á ba aṣọ jẹ́. Aṣọ ń ṣí, àwọn oníbàárà ń ráhùn. Láàárín àwọn ọdún 1930, tí ọrọ̀ ajé gbogbo ayé sì ti dẹnu kọlẹ̀, Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fòfin de kọ́sítíìkì àti aró òyìnbó. Àwọn aláró ò gbà. Wọ́n kóra jọ, wọ́n gba lọ́yà, títí ìjọba fi jókòó gbọ́ tẹnu wọn ní 1936. Èmi ò lè dá wọn lẹ́bi, oúnjẹ ọmọ wọn ni. Mi ò sì lè dá ẹni tí aṣọ rẹ̀ ṣí lẹ́bi.

Ẹ wo Lomé náà. Àwọn obìnrin tí wọ́n ń pè ní Nana Benz, torí Mercedes tí wọ́n ń gùn, àwọn ló ń gba àǹkárá Vlisco láti Họ́láǹdì, tí wọ́n ń sọ ọ́ lórúkọ fún tità. Àǹkárá yìí, ọnà àwọn ará Jáfà ni òyìnbó fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé rẹ̀. Orúkọ táwọn obìnrin sọ ọ́ ló jẹ́ kó di tiwa. Nígbà tí wọ́n já owó CFA wálẹ̀ ní 1994, tí ẹ̀dà láti Ṣáínà tún wá kún ọjà, òwò ọ̀pọ̀ nínú wọn fọ́.

Ẹ̀dà wà nínú ìsọ̀ tiwa náà. Mi ò ní ká má tà á o. Ìyá tó fẹ́ rán aṣọ fún ọmọ mẹ́rin, owó rẹ̀ lè má ká ti aláró. Ẹ̀bẹ̀ tí mò ń bẹ̀ yín ni pé èyí tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ tẹ̀, ẹ sọ pé ẹ̀rọ ni, ẹ má sì gba owó àdìrẹ lórí ẹ̀. Aláró tó ń rẹ aṣọ, tó ń sá a, tó tún ń rẹ ẹ́, báwo ló ṣe fẹ́ bá ẹ̀rọ ná ọjà, táwa tí à ń tà á bá ń pe méjèèjì lórúkọ kan? Ọjọ́ tó bá da ìkòkò aró rẹ̀ dé, kí la ó máa ta ẹ̀dà rẹ̀?

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á ní, "Tí mo bá sòótọ́, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ mi ò sọ, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni kọ́sítọ́mà á lọ." Òótọ́ ni. Ìdí tí mo fi gbé e wá sí ìpàdé nìyẹn, torí ẹnìkan ò lè dá a ṣe.

Mo mú aṣọ méjì dání, wọ́n wà lórí tábìlì lọ́dọ̀ akọ̀wé. Tí a bá ti ṣe àdúrà tán, ẹ wá fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ yí ẹ̀yìn wọn wò. Ti ẹlẹ́kọ, ọnà lè má yọ dáadáa lẹ́yìn, àmọ́ aró á wà níbẹ̀. Àwọn kan ti ń fi ẹ̀rọ tẹ ojú méjèèjì báyìí, torí náà ẹ tún wò ó bóyá ọnà kan àti ìkejì rẹ̀ ò fi bín-ín-tín yàtọ̀ síra. Ẹni tó bá mọ èwo ni tọwọ́ nínú méjèèjì, kó má sọ ọ́ síta o, kó jẹ́ káwọn tó kù náà wò ó.