Imú Tí Ó Dí Pẹ́ Àti Iṣẹ́ Abẹ

Bí imú bá dí fún ọdún pípẹ́ tí oògùn kò ràn án, ǹjẹ́ iṣẹ́ abẹ yóò mú ìtura wá?

Àwọn oníṣègùn imú ní ìbéèrè 22 tí wọ́n fi ń wọn ìnira: imú dídí, àìgbóòórùn, àìrí oorun sùn. Máàkì 0 sí 5 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 110. (Ìdánwò tí olódo ti borí nìyí!) Ẹni tí máàkì rẹ̀ pọ̀ ṣáájú abẹ ni ó sábà ń rí ìtura jù, ẹni tí tirẹ̀ kò tó 20 lè náwó kí ó má rí ìyàtọ̀ púpọ̀. Nítorí náà, níwájú dókítà, ìbáà ṣe ní LASUTH ní Ìkẹjà, ẹ má fi ìnira pamọ́, ẹ má sì bù mọ́ ọn. Ní ti ẹni tí ó ní ikọ́ fée tàbí tí ẹran ń hù nínú imú rẹ̀, àrùn náà lè padà. Kí ó máa fi omi oníyọ̀ tí dókítà bá júwe fọ imú lẹ́yìn abẹ.