ÌKÒKÒ ÀDÚGBÒ NI KÍ ÌJỌBA BU OÚNJẸ SÍ, KÌ Í ṢE ÀÁRÍN ÈRÒ

Ọ̀rọ̀ tí alákòóso ìpolongo ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará Béèrè, Ọjà'ba, Màpó àti Bẹ́yẹrúnká sọ

Mo mọ ohun tí ojú yín ń rí lọ́jà. Àwọn àgbà ní ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ebi ni mo bá wá, n kò ní sọ òmíràn.

Ní June 2024, ìwé ìjọba fúnra rẹ̀ sọ pé owó oúnjẹ ní Nàìjíríà fi 40.87 nínú ọgọ́rùn-ún ga ju ti June 2023 lọ. Ẹ jẹ́ ká fi èdè ọjà sọ ọ́: oúnjẹ tí ẹ rà ní ₦1,000, láàárín ọdún kan péré, ó ti lé ní ₦1,400. Ṣé owó oṣù bàbá ilé lé bẹ́ẹ̀? Ṣé èrè ìyá elélùbọ́ lé bẹ́ẹ̀? Wọ́n ní nǹkan ti ń rọ̀ láti ìgbà náà. Ó dáa. Ẹni tó ti ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ jẹun, kí ni yóò fi rán aṣọ?

Ẹ rántí ọjọ́ 18 oṣù December 2024. Wọ́n pe àwọn ọmọdé wá ṣe fàájì ọdún Kérésìmesì nínú ọgbà ilé-ìwé kan ní Baṣọ̀run, nínú Ìbàdàn wa yìí. Ẹ̀bùn ni wọ́n ṣèlérí. Èrò pọ̀ ju àyè lọ, wọ́n ń tẹ ara wọn mọ́lẹ̀, ọmọ 35 ló kú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, àwọn ènìyàn tún kú ní Òkíjà ní Ìpínlẹ̀ Anambra àti ní Maitama ní Abuja, níbi tí wọ́n ti fẹ́ gba oúnjẹ. N kò wá fi òkú ọmọ ṣe òṣèlú, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni mo fẹ́ ká mú.

Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, mo ti dúró lẹ́yìn ọkọ̀ rí nígbà ìbò, tí mò ń na ìrẹsì sí èrò. Mo rí ìyá àgbà kan tí wọ́n tì ṣubú, tí wọ́n ń tẹ gèlè rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí tó rí gbà délé kò tó oúnjẹ ọjọ́ méjì. Ojú tì mí. Láti ọjọ́ náà n kò ṣe é mọ́.

Ta ló wá ń bọ́ àdúgbò ní tòótọ́? Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ yín. Àwọn ìyá tí ń dá owó jọ ra kóńgò ẹ̀wà fún ọmọ aláìlóbìí ni. Àwọn ọ̀dọ́ mọ́ṣáláṣí tí ń pín sàárà ní ọjọ́ Jímọ̀ ni. Ẹgbẹ́ obìnrin ìjọ tí ń gbé abọ́ lọ bá arúgbó nínú yàrá ni. Wọ́n mọ ilé tí wọn kò ti dáná láti àná. Wọ́n mọ ilé tí ojú ń tì láti sọ ọ́. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì kò lè mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò ká a mọ́: ẹ̀wà wọ́n, gáàsì wọ́n, owó ọkọ̀ wọ́n.

Ní August 2023, ìjọba àpapọ̀ kéde ₦5 bílíọ̀nù fún ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti fi ra ìrẹsì àti àgbàdo fún aráàlú. Ẹ bi ara yín: ta ló fi ìwé hàn yín pé àpò báyìí ló kan wọ́ọ̀dù yín? Ẹgbẹ́ àdúgbò wo ni wọ́n pè sí i?

Ọ̀nà mìíràn wà. Ẹ wo Brazil, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kó lẹ́rú gbé àkàrà wa dé, tí wọ́n ṣì ń dín in tà ní ìgboro Bahia. Ní 2021, nígbà àrùn Kòrónà, ẹgbẹ́ àwọn tálákà tí kò nílé dá ilé ìdáná sílẹ̀ ní àdúgbò wọn. Ní July 2023, ìjọba ṣe òfin láti máa ran irú ilé ìdáná bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Òfin kan náà ló ní kí ìjọba máa ra oúnjẹ lọ́wọ́ àgbẹ̀ kéékèèké. Ìjọba kò gba ìkòkò lọ́wọ́ wọn o. Ó bu oúnjẹ sí i ni.

Ẹnìkan á ní: "Wọn á jí i." Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n láti 1935 ni òfin ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ti wà nílẹ̀ yìí, tí àwọn àgbẹ̀ kòkó wa fi dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ forúkọ sílẹ̀, ìjọba ń yẹ ìwé owó wọn wò, àwọn fúnra wọn ló ń darí ara wọn. Ohun tí bàbá wa lè ṣe fún kòkó, àwa náà lè ṣe é fún ẹ̀wà.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù July 2024, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dájọ́ pé kí owó káńsù máa lọ sọ́wọ́ káńsù tààrà. Káńsù kan wà ní Màpó, ìrìn ẹsẹ̀ ni láti Béèrè. Ẹ̀tọ́ yín ni láti lọ bèèrè.

Ohun tí ẹgbẹ́ wa yóò ṣe nìyí:

1. Ẹgbẹ́ tó bá ń bọ́ àdúgbò yóò forúkọ sílẹ̀ ní káńsù lọ́fẹ̀ẹ́. A kò ní bi í pé ẹ̀sìn wo tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú wo.

2. Oṣooṣù ni oúnjẹ yóò máa dé ọ̀dọ̀ wọn, tí a ó rà lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ Akínyẹlé, Lágelú, Ọ̀nà-Àrà àti Ìdó.

3. Ojú gbogbo ayé la ó ti ka àpò, a ó sì lẹ iye rẹ̀ mọ́ ògiri ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan. Bí iye kò bá pé, ẹ pariwo, kódà bó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ wa ló jí i.

Ẹ̀yin ará mi, bí ẹnikẹ́ni bá fi ìrẹsì ọjọ́ kan wá ìbò yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Ní oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?" Ẹ bi àwa náà. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ẹ dìbò fún ẹgbẹ́ wa, kí ìkòkò àdúgbò má gbẹ.