Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́njù kò tíì rà
Ọ̀rọ̀ tí alága bá ẹgbẹ́ sọ níbi àpéjọ ọdún

A kì í ṣe olùkọ́. Ìdí ọjà ni a ti kọ́ ìwé kíkà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan wà lọ́kàn wa lónìí.

Àwọn àgbà ní, "Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń bàjẹ́, ẹ ní ó ń pọ́n." Gbogbo wa la mọ ìyẹn. Òdìkejì rẹ̀ ni a kì í sábà sọ: ọ̀gẹ̀dẹ̀ pọ́njù, a ní ó ti rà.

Ẹ jẹ́ kí á yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Èso a kọ́kọ́ gbó, lẹ́yìn náà a pọ́n. Àwọ̀ ni pọ́n ń sọ, nítorí Yorùbá ka àwọ̀ ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n mọ́ pupa. Bí èèpo bá wá dúdú, tí inú rẹ̀ dẹ̀, ó pọ́njù nìyẹn: pọ́n àti jù ni a so pọ̀. Ẹ má ṣì í pè ní pọ́njú o! Pọ́n àti ojú ló bí ìyẹn, òun ni a ti rí ìpọ́njú. Rà ló gbẹ̀yìn, ìyẹn kò ṣeé jẹ mọ́. Àwa oníṣòwò sì mọ rà mìíràn tí ohùn wọn dọ́gba: ohun tí a rà tí a kò tètè tà, yóò rà mọ́ wa lọ́wọ́.

Ní Ìkirè, ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àgbagbà tó pọ́njù gan-an ni àwọn ìyá wa ń wá. Wọ́n á pò ó mọ́ ata àti iyọ̀, wọ́n á dín in nínú epo pupa títí yóò fi dúdú. Dódò Ìkirè nìyẹn, tí àwọn èrò ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ ń rà. Níbí ní Abidjan, èyí tó pọ́n ni wọ́n fi ń dín alloco, ọ̀rọ̀ tí a gbà lẹ́nu àwọn Baoulé. Èyí tó pọ́njù ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń pò mọ́ ìyẹ̀fun àti àlùbọ́sà, tí ó fi ń di claclo. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ní ọjà Gouro ní Adjamé kì í dà á nù.

Kí ló dé tí a fi ń sọ èyí? Àwọn àgbà kan wà nínú ìwé ẹgbẹ́ wa tí wọn kò lè san owó oṣù mọ́. Ogun tó bẹ̀rẹ̀ ní 2002 àti wàhálà 2010 sí 2011 ti gba ìsọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwa ìgbìmọ̀ ti mú gègé láti pa orúkọ wọn rẹ́. Àṣìṣe wa ni. Àwọn ló gbà wá sílé nígbà tí a dé láti Èjìgbò. Àwọn ló ṣe onídùúró fún wa kí a tó rí ọjà àwìn gbà. Wọ́n pọ́njù ni, wọn kò rà.

Nítorí náà, a bẹ̀ yín: kí a má ṣe yọ orúkọ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, láti Treichville dé Abobo, lọ kí wọn nílé, kí a sì kó àwọn ọmọ wa tí Faransé nìkan ń yọ̀ mọ́ lẹ́nu lọ jókòó tì wọ́n.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí a dàgbà dànù. Àmín.