Okùn Ìwọ̀n àti Ara tí Ọbàtálá Mọ
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ fún àwọn ọmọ Ìṣẹ̀ṣe ní Ajégúnlẹ̀)

   

Orúkọ àdúgbò yìí ń sọ fún wa pé ajé ti gúnlẹ̀ síbí. Ní ọdún 1977 ni wọ́n ṣí èbúté Tin Can Island, tí ó di ìkejì èbúté Àpápá, ajé sì ń gúnlẹ̀ lóòótọ́. Iléeṣẹ́ ìyẹ̀fun àti ti ṣúgà wà ní Àpápá nítòsí wa. Ìbéèrè mi lónìí ni pé: kí ni ọrọ̀ yìí ń sọ ara wa dà?

Bí a bá rí ẹni tí ó sanra, a máa ń wí pé ayé ń yẹ ẹ́. Bí ó bá rù, a ó bi í bóyá ìyà ń jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà bá ìgbà ìyàn mu, ṣùgbọ́n ìgbà ti yí. Ìwádìí NDHS tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà ní 2008 fi hàn pé nínú 100 obìnrin tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 15 sí 49, bí 22 ni ara wọn ti wúwo ju bí ó ti yẹ lọ. Ní 2013, ó di 25. Ní 2018, ó di 28.

Àwọn kan ní bí a ṣe dá wa ni. Ìwádìí tí àwọn onímọ̀ gbé jáde ní 1997 dá wọn lóhùn. Wọ́n yẹ àwọn ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wò ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, ní àwọn erékùṣù Karibíà, àti ní Maywood lẹ́bàá Chicago. Níhìn-ín, ẹni 16 nínú 100 ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ní Karibíà, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìwọ̀n ara wọn náà ń ga bákan náà. Orírun kan náà ni; oúnjẹ àti ìgbé-ayé ni ó yàtọ̀. Òkun tí ó gbé àwọn baba ńlá wọn lọ ni ó ń gbé irú oúnjẹ náà wá bá wa lónìí.

Ní ilé ìwòsàn, wọn yóò fi gíga ẹni ní mítà pín ìwúwo rẹ̀ ní kílò, wọn yóò sì tún fi gíga náà pín èsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Bí ó bá tó 25, ó ti kọjá ààlà. Bí ó bá tó 30, ìsanrajù ni. Ará Belgium kan, Adolphe Quetelet, ni ó gbé ìṣirò yìí kalẹ̀ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ṣùgbọ́n ìṣirò náà kò mọ iṣan yàtọ̀ sí ọ̀rá. Alábàárù èbúté lè wúwo nítorí iṣan. Ọmọ Ògún tí ó ń jókòó sínú tírélà lójú ọ̀nà Tin Can láti òwúrọ̀ di alẹ́ lè má wúwo púpọ̀, kí ikùn rẹ̀ sì ti yọ.

Nítorí náà, ẹ mú okùn tí ó gùn tó gíga yín, kí ẹ ṣẹ́ ẹ po sí méjì. Bí ìdajì okùn náà kò bá lè yí ìbàdí yín ká, tí ẹ kò sì lóyún, ọ̀rá ti ń kóra jọ síbi tí ó ti ń fa àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru. Èyí kì í ṣe àṣà àjèjì. Ìyá wa tí ó so bèbè mọ́ ìdí mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ìlẹ̀kẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún un.

Ọbàtálá ni ó mọ ara wa, àwọn olùsìn rẹ̀ sì ń pa èèwọ̀ ẹmu àti iyọ̀ mọ́. Èèwọ̀ kọ́ wa pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ọwọ́ bá tó ni ẹnu ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí omi rọ́pò ọtí ẹlẹ́rìndòdò níbi ọdún wa. Ẹ jẹ́ kí okùn ìwọ̀n àti ẹ̀rọ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru wà ní ìpàdé wa. Ẹ jẹ́ kí a jó bàtá títí òógùn yóò fi bò wá. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má fi ara ẹlòmíràn ṣe yẹ̀yẹ́. Ọbàtálá kò mọ wá bákan náà.

Kí Orí wa gbè wá. Kí ajé gúnlẹ̀, kí ìlera bá a gúnlẹ̀. Àṣẹ.